Hurricane Kì Í Dé Ìjẹ̀bú-Òde: Ta Ló Wá Ń Ṣí Òrùlé Wa?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè bí àwọn kan nínú. Wọ́n á ní ọmọ yunifásítì ti dé, ó fẹ́ bá Ọlọ́run du ipò. Rárá o. Èmi kò bá Ọlọ́run jà. Ìṣó ni mo bá wá, ìṣó páànù, àti gbogbo àwa tí a ń fi orúkọ Ọlọ́run bo ìṣó tí a kọ̀ láti kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kẹrin. Mo wà ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ń na gàárì lówó. Oòrùn ti mú láti àárọ̀, ooru sì pọ̀ débi pé aṣọ lẹ̀ mọ́ni lára. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin, òjò ṣú dùdù láti ìhà ìlà-oòrùn. Kí a tó palẹ̀ ẹrù mọ́, atẹ́gùn tútù kan já wọ ọjà, ó gbé eruku, ó gbé agboòrùn, ó gbé abọ́ màmá onígàárì. Lẹ́yìn náà ni òjò wá dà wálẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn da omi nù. Gbogbo rẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Nígbà tí mo ń padà sílé, mo rí i pé òrùlé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àdúgbò wa ti ṣí. Apá kan rẹ̀ há sára òpó iná, apá kejì wà nínú oko ẹ̀gẹ́ ẹnì kan. Ká ní ọjọ́ Jímọ̀ ni, kí ìjì náà sì yá ní wákàtí mẹ́ta, kíláàsì yẹn ì bá kún fún ọmọ.

Àwọn èèyàn pé jọ síbẹ̀, wọ́n ń wo ọṣẹ́ tó ṣe. Bàbá kan tí gbogbo àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún wá gba ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní: "Ẹ dúpẹ́ o. Ṣé ẹ ò rí ti Amẹ́ríkà lórí tẹlifíṣọ̀n ni? Hurricane a máa gbé odindi ilé lọ níbẹ̀. Ọlọ́run fẹ́ràn Nàìjíríà, kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa." Gbogbo wa ṣe Àmín. Èmi náà ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ṣa àwọn páànù yẹn jọ, wọ́n fi òòlù lù wọ́n tọ́, wọ́n sì fi bo ilé ẹ̀kọ́ náà padà, tòun ti ihò ìṣó àkọ́kọ́ lára wọn. Ìgbà yẹn ni Àmín tí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Òótọ́ ni pé hurricane kì í dé Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé a sàn ju ẹlòmíràn lọ. Ohun tó sì ń dènà hurricane níbí, òun kan náà wà lára ohun tó ń fún ìjì tiwa lágbára. Bí a kò bá mọ èyí, a ó máa dúpẹ́ lórí ìjì tí kò lè dé, a ó sì máa ka òkú ìjì tó ń dé lọ́dọọdún.

Báwo ni hurricane ṣe ń ṣẹ̀?

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ dà yín láàmú. Lórí òkun Àtìláńtíìkì, wọ́n ń pè é ní hurricane. Ní ìwọ̀-oòrùn òkun Pàsífíìkì, typhoon ni. Lórí òkun Íńdíà, cyclone. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: ìjì ràbàtà tó ń yí po lórí omi òkun tó gbóná. Kí a tó lè pè é ní hurricane, atẹ́gùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sáré tó kìlómítà 119 ní wákàtí kan ó kéré tán.

Ẹ wo ìkòkò lórí iná. Omi hó, oru rẹ̀ gòkè, ó kan ìdérí, ó sì tún di omi. Nígbà tí omi ń di oru, ó gba ooru lọ́wọ́ iná. Nígbà tí oru bá tún padà di omi, ó dá ooru náà sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí oru ìkòkò fi ń bó ọwọ́ ẹni tó bá ṣí i láìfura. Òkun ni ìkòkò hurricane. Omi òkun náà gbọ́dọ̀ gbóná tó digirí 26 àti ààbọ̀, kì í sì í ṣe ojú omi nìkan, títí dé ìsàlẹ̀ bíi mítà 50. Oru omi á gòkè, á di òjò lókè, ooru tó dá sílẹ̀ á tún ti afẹ́fẹ́ lọ sókè sí i. Afẹ́fẹ́ mìíràn á wá sáré láti ẹ̀gbẹ́ wá dí àyè rẹ̀, á sì gbé oru omi tuntun dání wá. Bí iná náà ṣe ń fẹ́ ara rẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti gun orí ilẹ̀, tàbí tó bá dé orí omi tútù, a jẹ́ pé wọ́n ti yọ igi kúrò nídìí ààrò. Kò ní pẹ́ kú.

Ṣùgbọ́n ooru nìkan kò tó, ó gbọ́dọ̀ yí. Ẹ̀yin tí ẹ ta òkòtó lọ́mọdé mọ̀ pé òkòtó kì í dédé yí, ẹnì kan ló ń ta á. Ayé tó ń yí ló ń ta òkòtó yìí. Nítorí pé ayé ń yí, afẹ́fẹ́ tó ń sáré lọ sí ọ̀nà jíjìn máa ń yà sí ọ̀tún ní ìhà àríwá ayé, ó sì máa ń yà sí òsì ní ìhà gúúsù. Lórí ìlà agbede-méjì ayé, kò sí yíyà kankan. Ìdí nìyẹn tí hurricane kì í fi í sábà ṣẹ̀ ní ibi tí kò bá jìnnà tó digirí 5 sí ìlà náà.

Ó ku ohun méjì. Èkíní, kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò máa gbá òkòtó náà lórí bó ṣe ń yí. Bí atẹ́gùn ìsàlẹ̀ bá ń lọ síhìn-ín, tí atẹ́gùn òkè sì ń lọ sọ́hùn-ún, orí ìjì náà á ya kúrò lọ́rùn rẹ̀ kó tó dàgbà. Èkejì, ó nílò irúgbìn: àkójọ òjò àti afẹ́fẹ́ kan tó ti ń rú tẹ́lẹ̀, tí yóò bọ́ sórí òkun gbígbóná náà.

Àlàyé mẹ́ta tí kò dúró

Àlàyé àkọ́kọ́ ni ti bàbá ọjọ́sí: Ọlọ́run fẹ́ràn wa ju àwọn tó kù lọ. Mo fẹ́ bi yín. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, cyclone Idai já wọ ìlú Beira ní Mòsáḿbíìkì. Àwọn tó kú níbẹ̀, ní Sìmbábúè àti ní Màláwì, lé ní 1,000. Ọmọ Áfíríkà bíi tiwa ni wọ́n. Ṣé wọn kì í gbàdúrà ni? Ní Filipínì tí typhoon ti ń jà lọ́dọọdún, Kátólíìkì ló pọ̀ jù. Ní Bàngládẹ́ṣì, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa, àwọn àǹtí wa tó wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, wọn kò fi àdúrà sílẹ̀ ní Nàìjíríà nígbà tí wọ́n ń lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ níbí ni wọ́n tún dá sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Síbẹ̀, nígbà tí hurricane Harvey dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, omi wọlé tọ àwọn náà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa.

Àlàyé kejì ni ti àwọn tó ní àwọn àgbà ìlú ti dè é mọ́lẹ̀, pé Ọya ló ni ìjì, Ọya sì mọ ilé tirẹ̀. N kò fi àṣà wa ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n wọ́n kó àwọn ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ sí Kúbà, wọ́n sì gbé Ọya dání lọ. Títí di òní ni wọ́n ń bọ ọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, Kúbà wà lójú ọ̀nà hurricane gan-an, ó sì ń dé bá wọn léraléra. Bó bá jẹ́ pé bíbọ Ọya ló ń dá hurricane dúró, Kúbà ni ì bá kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àlàyé kẹta ló ń dùn mí jù, torí ẹnu àwa ọmọ ilé ìwé ló ti ń jáde: "Equator ni a wà, torí náà hurricane kò lè dé." A ka ìlà kan nínú ìwé, a sì ti ìwé náà pa. Ìjẹ̀bú-Òde kò sí lórí ìlà agbede-méjì ayé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé digirí 7 sí àríwá rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2012, typhoon Bopha já wọ erékùṣù Mindanao ní Filipínì ní nǹkan bíi digirí 7 àti ààbọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ibi tí àwa wà, ó sì pa èèyàn tó lé ní 1,000. Ní oṣù kejìlá ọdún 2001, typhoon Vamei ṣẹ̀ nítòsí Singapore ní digirí 1 àti díẹ̀ péré. Bí ibùdó wa nìkan bá tó láti gbà wá, kò yẹ kí ó má gba Mindanao. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ equator yẹn, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni.

Ìdí rẹ̀ gan-an

Ìdí kìíní: ojú ọ̀nà. Ní agbègbè ayé tiwa, láti ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn òkè ti ń fẹ́ lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ìjì tó bá ṣẹ̀ lórí Àtìláńtíìkì, ẹ̀yìn ló ń kọ sí wa, ó ń lọ sí Karíbíánì àti Amẹ́ríkà. Àwa wà níbi tí ọkọ̀ ti ń gbéra, wọ́n wà níbi tó ń já èrò sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ̀ nìyí: àwa la ni garéèjì. Láàárín òjò, ìgbì afẹ́fẹ́ kan máa ń ṣẹ̀ láti apá àwọn òkè Súdáànì àti Etiópíà, a gba orí ìhà Sahel kọjá, títí kan àríwá Nàìjíríà, ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún síra wọn. Bíi 60 ló ń kọjá lọ́dún. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn á kú sórí omi. Ṣùgbọ́n èyí tó bá bá òkun gbígbóná pàdé, tí atẹ́gùn òkè kò sì gbá a lórí, ó lè di hurricane. Nínú àwọn hurricane tó le jù lórí Àtìláńtíìkì, bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló ṣẹ̀ láti ara ìgbì yìí. Harvey tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ìgbì tó bí i ti bọ́ sórí omi ní àárín oṣù kẹjọ ọdún 2017. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tó fi dé Texas. Ẹ ò rí i pé a kò yẹ lẹ́ni tí yóò máa fi hurricane yangàn fún ẹnikẹ́ni?

Àwọn tó sún mọ́ garéèjì jù náà kò bọ́ pátápátá. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2015, hurricane Fred kọlu àwọn erékùṣù Cape Verde. Láti ọdún 1892 ni irú rẹ̀ kò ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kò lè ṣẹlẹ̀. Gúúsù Àtìláńtíìkì náà jẹ́rìí: omi ibẹ̀ tutù jù, atẹ́gùn òkè rẹ̀ sì máa ń gbá òkòtó lórí, wọ́n fi gbà pé hurricane kì í dé ibẹ̀ rárá. Ní oṣù kẹta ọdún 2004, ọ̀kan já wọ ìpínlẹ̀ Santa Catarina ní Bràsíl.

Ìdí kejì: omi tiwa. Láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án, tí ìgbì wọ̀nyẹn ń kọjá lọ́pọ̀ yanturu, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun Ghana, Togo àti Benin, àti lójú ìlà agbede-méjì ayé. Ìkòkò wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n iná ti kú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ omi tútù yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò mọ̀ pé òun ni. Òun wà lára ohun tó ń mú kí òjò dá díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, tí ojú ọjọ́ ń tutù, tí àwọn àgbẹ̀ wa fi ń rí àyè kórè àgbàdo.

Ìdí kẹta: atẹ́gùn tó takora. Láàárín òjò, atẹ́gùn ìsàlẹ̀ ń ti orí òkun fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa láti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Ní òkè, bíi kìlómítà mẹ́ta sókè, ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn líle ti ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ń lọ sí apá kan, orí ń lọ sí apá kejì. Hurricane kò lè dàgbà nínú irú ìyẹn. Tí a bá wá fi èyí kún bí yíyà afẹ́fẹ́ ṣe kéré ní digirí 7, ọ̀rọ̀ ti parí. Omi, atẹ́gùn àti ojú ọ̀nà ló ń gbà wá. Ọlọ́run ló dá gbogbo wọn, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò dá wọn torí pé ìwà wa dára.

Ìjì tiwa

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Atẹ́gùn tó takora yẹn, tó ń ya orí hurricane kúrò lọ́rùn rẹ̀, òun gan-an ló ń gbé ìjì òjò tiwa ró. Ìjì tiwa kì í yí bí òkòtó. Ó máa ń tò gbọọrọ bí ògiri, á wá máa rìn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, bí èyí tó bá mi lọ́jà. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ wà lókè, òjò ń já gba àárín rẹ̀ wálẹ̀; apá kan òjò náà gbẹ kó tó délẹ̀, gbígbẹ rẹ̀ sì mú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó já wálẹ̀ gbì, ó sì tàn káàkiri ilẹ̀ níwájú òjò. Atẹ́gùn tútù tó gbé abọ́ màmá onígàárì nìyẹn. Nítorí pé atẹ́gùn ìsàlẹ̀ àti ti òkè kì í rìn bákan náà, òjò kì í já sórí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń bọ́ ọ, ìjì náà á sì lè rìn jìnnà kó tó kú. Irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ lè sáré ju kìlómítà 80 lọ ní wákàtí kan. Kò tó hurricane. Ṣùgbọ́n ó tó òrùlé tí wọn kò kàn dáadáa.

Ó tún ní àkókò tirẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù kẹta dé ìkarùn-ún, àti ìparí rẹ̀, láti oṣù kẹsàn-án dé ìkọkànlá, ni ó máa ń le jù. Ìyẹn ni pé a mọ ìgbà tó ń bọ̀, a mọ ìhà tó ti ń bọ̀, a sì mọ ohun tó ń gbé. Àlejò tó ń wá lọ́dọọdún ní oṣù kan náà, tó ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà, kí ló dé tí a fi ń pè é ní àjálù òjijì?

Atẹ́gùn nìkan kọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn, ó gbé èèyàn tó lé ní 200 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ní Ìbàdàn kan náà, àgbàrá tún pa èèyàn tó lé ní 100. Ní ọdún 2022, omíyalé pa èèyàn tó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà. Kò sí hurricane nínú wọn. Òjò lásán, odò tí ìdọ̀tí dí, àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. A kò tíì rí ìjì ńlá, ìrì ti ń wó wa.

Àwọn tí hurricane ń dé bá

Ẹ wá wo àwọn tí a ń káàánú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1970, cyclone kan pa èèyàn tó tó 300,000 ó kéré tán ní ibi tó di Bàngládẹ́ṣì lónìí. Wọn kò sọ pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, kí wọ́n sì sùn. Wọ́n kọ́ ilé ààbò oníkọnkéré sórí òpó gíga káàkiri etíkun. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ abúlé láti máa fi gbohùngbohùn kéde ìjì láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tí Sidr dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, ìjì tó le gan-an ni, àwọn tó kú lé ní 3,000. Iye yẹn ṣì pọ̀, ó ṣì dunni. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé 300,000.

Ẹ padà sí Kúbà, ilé Ọya kejì. Ní ọdún 1963, hurricane Flora pa èèyàn tó lé ní 1,000 níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣètò bí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yóò ṣe kó èèyàn kúrò kí ìjì tó dé: ta ni yóò gbé arúgbó, ta ni yóò kó àwọn ọmọdé, ilé ta ni wọn yóò lọ. Nígbà tí hurricane Ivan, ọ̀kan nínú àwọn tó le jù, kọjá lẹ́bàá wọn ní ọdún 2004, ẹnì kan kò kú ní Kúbà. Àwọn ọmọ Ọya lọ́hùn-ún ń bọ Ọya, wọ́n sì ń kan ìṣó.

"Owó dà?"

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá káfíńtà kan tí mo lọ bá níbi iṣẹ́. Mo kí wọn, mo ní: "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Kí ló dé tí ìṣó etí òrùlé yìí fi jìnnà síra wọn tó báyìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Ọmọ mi, kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n kàn. Ẹni tó ni ilé ló ka ìṣó fún mi."

Ẹ gbọ́ o. Wọ́n ka ìṣó fún káfíńtà, wọn kò ka ìgò fún àlejò. Àwa Ìjẹ̀bú la mọ ayẹyẹ ṣe, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Tí Ojúde Ọba bá dé, tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń fò, orí mi a máa wú. Ṣùgbọ́n ilé tí a ń ti inú rẹ̀ múra jáde, ṣé òrùlé rẹ̀ wà lórí rẹ̀? Iye tí aṣọ ẹbí kan ń gbà, ó tó ìṣó àti irin tí a fi ń so igi òrùlé mọ́ ògiri. Etí òrùlé àti ṣóńṣó rẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń kọ́kọ́ wá ọ̀nà. Ibẹ̀ ló yẹ kí ìṣó ti sún mọ́ra jù. Etí òrùlé tó yọ síta jù, atẹ́gùn á rí i gbé bí ẹni gbé ìdérí ìkòkò. Páànù tó fẹ́lẹ́ bí ewé á ya nídìí ìṣó. Èyí kì í ṣe ìmọ̀ òyìnbó, gbogbo káfíńtà tó mọṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan á ní: "Ìjọba ńkọ́?" Ó yẹ kẹ́ ẹ béèrè. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, owó gbogbo wa ni. Ẹni tó gba iṣẹ́ òrùlé kíláàsì, ó yẹ kí ẹnì kan gun àkàbà lọ wò ó kí wọ́n tó sanwó fún un. Tí òrùlé bá ṣí lẹ́ẹ̀kejì, ó yẹ kí a bi í léèrè. Ṣùgbọ́n tí a bá ti sọ pé "àmúwá Ọlọ́run ni", a ti dá kọngílá láre kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ hurricane tí bàbá sọ lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó gbè jù lọ ni ẹni tó jí ìṣó.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé a kò lè ṣe nǹkan ńlá. Erédò Súngbọ́ wà ní Ìjẹ̀bú níbí. Àwọn baba ńlá wa fi ọwọ́ gbẹ́ kòtò tó gùn ju kìlómítà 160 lọ yí ilẹ̀ wa ká, láìsí katapílà, ibòmíràn nínú rẹ̀ jìn tó bíi mítà 20. Àwa ọmọ wọn kò lè kó ọ̀rá omi inú gọ́tà tó wà níwájú ilé wa.

A ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Kò sí ẹgbẹ́ tó mọ àwọn ọmọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó ń dáwó tó bẹ́ẹ̀. Kí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ilé ẹ̀kọ́ méjì péré, kí wọ́n gbé káfíńtà lọ síbẹ̀ nínú oṣù kejì, kí ìjì àkọ́kọ́ tó dé. Kí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù náà jẹ́ ọ̀sẹ̀ gọ́tà ní gbogbo àdúgbò. NiMet, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún. Kí wọ́n kà á ní Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sáláṣí, níbi ìkéde, lẹ́yìn ìkéde ìgbéyàwó. Àwa tí a ń ka jọ́gíráfì la ó túmọ̀ rẹ̀ tí kò bá yé wọn. Kí ni a ń kàwé sí?

Mo ti sọ tèmi. Bàbá tó ní ká dúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, tí wọ́n bá sì tún ní ká dúpẹ́, màá ṣe Àmín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Àmín náà, màá bi wọ́n ní ìbéèrè kan, màá sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà máa bi àwọn bàbá tiyín: "Bàbá, ìṣó mélòó ló wà lórí ilé ẹ̀kọ́ yẹn?"

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ jáde síta, ẹ gbójú sókè wo etí òrùlé yín. Ẹ ka ìṣó rẹ̀.